Ogójì Wákàtí Àánú

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo lọ ní Àjàṣẹ́, lápá ibi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni, ẹni tí kò bá ṣe ogójì wákàtí iṣẹ́ ìlú kò ní wọ yàrá ìdánwò ìkẹyìn. Kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ńlá tàn yín jẹ, ojú ayé lásán ni iṣẹ́ ìlú yìí. A ó gbá ìdọ̀tí kúrò níwájú bùtíìkì kan tí wọ́n ti ń tajà lọ síwájú bùtíìkì kejì, a ó ya fọ́tò, a ó buwọ́ lu ìwé kan tí gbogbo wa ń pè ní fíìṣì, ó parí. Èmi ni olórí kíláàsì, èmi ni mo sì ń gbé fíìṣì náà kiri. Lẹ́tà P ni ti ẹni tó wá, A ni ti ẹni tí kò wá. Mo ní bíìkì pupa kan tí mo fi ń kọ A, mo sì máa ń yọ ọ́ lápò bí ìgbà tí ọba bá yọ ọ̀pá àṣẹ. Òpònú ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

Ọmọbìnrin kan nínú wa wá láti Nàìjíríà, láti abúlé kan lápá òkè lọ́hùn-ún tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá bíi tiwa. Ó gba yàrá kan ní àdúgbò Houinmè lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan. Faransé rẹ̀ ṣì ń kọsẹ̀, àwọn ọlọ́gbọ́n inú wa sì máa ń sín in jẹ. Lọ́sẹ̀ kan, àwọn agbébọn tó ń fi orúkọ Ọlọ́run bojú ya wọ abúlé rẹ̀, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sun ilé. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n pa. Ọ̀nà ti dí, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ní kó má tíì wá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó sí Houinmè, tó ń ṣọ̀fọ̀ ní ìlú onílùú. Wákàtí mẹ́rin péré ló kù kí ogójì tirẹ̀ pé.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa rí ìròyìn náà lórí fóònù rẹ̀. Ọkùnrin yìí, bí ewúrẹ́ bá kú, ó lè pe àwọn oníròyìn lé e lórí. Ó kó wa jọ sí àgbàlá, ó sọ Faransé tó gùn ju òun alára lọ, pé ìrìn àánú la ó fi dá àwọn apániláyà lóhùn, wákàtí mẹ́rin ni wọn yóò sì kà á sí fún wa. Ohun tí yóò mú ìbọn bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú igbó lọ́hùn-ún nítorí pé àwa ń rìn ní Àjàṣẹ́, kò sọ ọ́. A pàtẹ́wọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọjọ́ mẹ́ta la fi jiyàn lórí aṣọ tí a ó wọ̀, funfun ni àbí dúdú, títí ẹnì kan fi rántí pé funfun ló máa ń hàn dáadáa nínú fọ́tò. A kọ orúkọ Nàìjíríà gàdàgbà sára aṣọ gbọ̀ọ̀rọ̀ kan, a kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a wà pẹ̀lú yín. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó ní ẹ jẹ́ ká lọ kí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Houinmè la ti gbéra, àdúgbò Akron là ń lọ, ojú ọ̀nà sì gba iwájú ilé rẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ìborùn dúdú borí. Ó rí wa lókèèrè, ó rí orúkọ ìlú rẹ̀ lára aṣọ náà, ó dìde dúró. Kí a tó súnmọ́ ọn, ó yí padà, ó sáré wọlé. Mo ní, ẹ wò ó, ó ń sá fún wa! Inú bí mi. Àwa ń jẹ oòrùn nítorí tirẹ̀, òun ń fara pamọ́! Mo tẹ́ fíìṣì sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú mi, mo yọ bíìkì pupa, mo kọ A síwájú orúkọ rẹ̀ láì dúró. Ẹnikẹ́ni kò yà síbẹ̀. Ní Akron ni wọn yóò ti buwọ́ lùwé, ẹni tó bá sì pẹ́ lẹ́yìn ti pàdánù wákàtí rẹ̀ nìyẹn.

Fọ́tò tí a yà ní Akron ṣì wà lára ògiri bùrò ọ̀gá, níbi tó ti ń gba àlejò, títí dòní. Eyín gbogbo wa ló hàn níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọbìnrin náà wá bá mi nílé-ẹ̀kọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ wákàtí mẹ́rin yẹn. Wọ́n ní ọ̀nà ti là. Mo fẹ́ lọ ṣe àdúrà bàbá mi, kí n sì padà wá ṣe ìdánwò.”

“Ọ̀gá ti lu òǹtẹ̀ sí i,” mo ní.

Irọ́ ni mo pa. Fíìṣì wà nínú àpò mi, òǹtẹ̀ kankan kò tíì kàn án. Mo kàn fẹ́ kó bẹ̀ mí díẹ̀ sí i ni.

Kò bẹ̀ mí. Ó ní ẹ ṣeun, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀, àga rẹ̀ ṣófo. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wo àga yẹn, tí mo ń kórìíra ara mi. Lọ́jọ́ tí a parí, mo gba Houinmè lọ. Ìyá onílé rẹ̀ ń ká aṣọ lórí okùn.

“Ó ti lọ,” ó ní. “Kò ní padà wá mọ́. Ó ní wọn ò ní jẹ́ kí òun ṣe ìdánwò, kí lòun ń wá bọ̀? Ṣé ẹ wà lára àwọn tó wọ funfun kọjá níjọ̀sí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

“Bó ṣe rí yín, ó ké sí mi pé, ‘Ìyá, àwọn ará kíláàsì mi ń bọ̀ wá kí mi!’ Ló bá sáré wọlé lọ bu omi àlejò. Èmi náà sáré tẹ́ ẹní. Ìgbà tó máa gbé omi jáde, ẹ̀yìn yín ló bá. Ó gbé abọ́ omi yẹn dúró títí ẹ fi yà ní oríta.”

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀.

“Ẹ kú àràfẹ́rakù, mà. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere.”

Ìyá náà kò wò mí. Ó fa aṣọ tó kù lórí okùn yọ, ó kó o sápá.

“Bàbá tèmi kọ́ ni wọ́n pa,” ó ní.