Eré Tí Mo Fi Kún Ti Kọ̀ǹpútà Àǹtí Mi

Láti kékeré ni mi ò ti lè fara da ohunkóhun tó bá ń falẹ̀. Bí ìkòkò bá pẹ́ kó tó hó, màá ti ṣí i wò lẹ́ẹ̀mẹrin, tí wọ́n á sì lé mi kúrò nídìí àdògán. Àwọn àgbà ilé wa a máa sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo gbọ́ ọ títí, kò wọ̀ mí létí. Ìwà yìí ni mo gbé dé Port Harcourt, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Àǹtí ni mo máa ń pè é. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Mgbuoba, ó ní ọmọ obìnrin kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ó sì ń lọ sí yunifásítì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé kó lè gba oyè. Odidi ọdún mẹ́fà ló fi ń bá a bọ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tí àwọn ọdún 1990 ti fẹ́ parí, ìwé àṣekágbá rẹ̀ nìkan ló kù. Wọ́n ti sọ fún un pé ọdún yẹn ni òpin àyè tí wọ́n fún un: bí kò bá fi ìwé náà sílẹ̀ kí oṣù tó parí, ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wọmi nìyẹn.

Ohun tó ń kọ nípa rẹ̀ ni bí àwọn ọmọ tó jẹ́ pé Píjìn ni wọ́n gbọ́ dàgbà ṣe ń kọ́ ìwé kíkà. Ó ti lọ jókòó ti àwọn ọmọ ní Rumuokwuta, ó ti gun ọ̀kadà dé Eneka, ó ń kọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá sọ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Yóò fọwọ́ kọ ọ́ sórí ìwé, èmi á sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó rà. Bí mo bá ti tẹ orí kan tán, a máa kó ìwé ọwọ́ rẹ̀ fún ìyá oníbọ̀ọ̀lì tó wà ní ìyànà, kó máa fi wé bọ̀ọ̀lì àti ẹja. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló máa da bébà nù nígbà tí oníbọ̀ọ̀lì ń wá a?

Kọ̀ǹpútà yẹn ló bí mi nínú. Bí mo bá ní kó ṣí orí kejì, mo lè po gààrí, kí n mu ún, kí n sì fọ abọ́, kó tó ṣí i. Mo wá ráhùn fún agùnbánirọ̀ kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà yunifásítì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà lè sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé àwọn ìdérí ike kéékèèké kan wà nínú rẹ̀ tí èèyàn lè ṣí nípò kó lè túbọ̀ yára.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, no rush am o. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo iṣẹ́ yín kọ sórí dísíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ lọ tọ́jú ẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo lẹ máa gbé. Kó ṣiṣẹ́ fún odidi ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó ronú òmíì. If e hang, ẹ dá a padà síbi tó wà. Ẹ ṣọ́ ooru ẹ̀ dáadáa, ẹ má sì fọwọ́ kan ìdérí kejì yẹn, you hear?"

Mo ní mo gbọ́.

Kí n má parọ́, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi títí dòní. Mo yọ okùn iná, mo bọ́ sálúbàtà, mo fọwọ́ kan irin fèrèsé kí iná ara mi lè lọ sílẹ̀. Ẹ̀mú kékeré tí Àǹtí fi ń tu irun ojú ni mo fi ṣí ìdérí ike náà nípò, bí ìwé kékeré tó bá kọ̀ǹpútà náà wá ṣe là á sílẹ̀. Mo ṣí ara rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, mo kọjú fáànù ńlá sí i. Nígbà tó tàn, ó kọ nọ́ńbà eré tuntun, ọgọ́rùn-ún kan àti mẹ́rìndínláàádọ́rin dípò ọgọ́rùn-ún kan àti mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀. Mo fọwọ́ ba irin tó ń fa ooru rẹ̀, kò ju lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ. Inú mi dùn bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé.

Ó ku kí n dán an wò. Agùnbánirọ̀ náà ní ètò kan tó máa ń fi ìṣirò da kọ̀ǹpútà láàmú láìdáwọ́ dúró. Mo nílò dísíkẹ́ẹ̀tì tí màá fi gbé e wálé. Ẹyọ kan tó dára ló wà nínú ilé, orí rẹ̀ sì ni ẹ̀dà iṣẹ́ Àǹtí wà. Mo ní, ṣebí iṣẹ́ náà wà nínú kọ̀ǹpútà, màá dà á kọ padà tí mo bá dé. Mo pa á rẹ́, mo wọkọ̀ ní Rumuokwuta, mo lọ gbé ètò àyẹ̀wò. Ààbò ni mò ń wá, ẹ gbọ́, ni mo fi pa ààbò rẹ́.

Àyẹ̀wò náà yege. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kò dákú lẹ́ẹ̀kan. Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni! Àmọ́ ojú kòkòrò ò jẹ́. Ní Sátidé tí Àǹtí lọ sí yunifásítì, mo ṣí ìdérí kejì nípò. Mi ò tíì da iṣẹ́ rẹ̀ kọ padà sórí dísíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé ìdérí àkọ́kọ́, ọpọlọ nìkan ló kàn. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ló ń mú sáré. Bí èèyàn mẹ́ta bá ń gún iyán nínú odó kan, tí ọ̀kan ṣàdédé yára, àwọn tó kù ní láti yára, ẹni tí kò bá sì lè yára, ọwọ́ ló máa fi gba ọmọrí odó. Háàdì dísìkì tí iṣẹ́ Àǹtí wà lórí rẹ̀ ni kò lè yára. Èmi sì jókòó ti irin ooru, mò ń fọwọ́ bà á, mò ń yin ara mi pé kò gbóná.

Mo ṣí orí kẹrin. Àmì tí kò jọ ti èdè kankan ló kún ojú rẹ̀. Mo ṣí ìkejì, bákan náà. Bí mo ṣe ń ṣí wọn, tí mo tún ń tọ́jú wọn padà, ni mò ń fọwọ́ ara mi pa wọ́n. Nígbà tó yá, ó kọ̀, kò tàn mọ́. Mo dá àwọn ìdérí padà síbi tí wọ́n wà. Ó tàn lóòótọ́, ọpọlọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò sí ìwé Àǹtí kan níbẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí ká pálọ̀.

Bí agogo mẹ́rin ni Àǹtí wọlé. Ó ra bọ̀ọ̀lì bọ̀ fún mi. Mo rí bébà tí wọ́n fi wé e, ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni.

Mo ní, "Àǹtí, iná ni o. Wọ́n mú un lọ, wọ́n dá a padà, wọ́n tún mú un lọ. Ó ti pa gbogbo ìwé yín."

Iná ò lọ rárá lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí àwọn oníná ṣe ojúṣe wọn, ọjọ́ yẹn ni mo purọ́ mọ́ wọn.

Ó jókòó, ó tú bọ̀ọ̀lì sínú àwo, ó fọwọ́ na bébà náà lórí tábìlì kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, ó kà á. Lẹ́yìn náà ló dìde, a jọ lọ bá ìyá oníbọ̀ọ̀lì.

Obìnrin náà gbá àyà. "Chai! Aunty, all that paper? I don use am finish. Na only this two remain." Epo ti rin méjèèjì. Àǹtí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kó wọn.

Ìgbà tí à ń padà bọ̀ ni mo bú sẹ́kún láàárín títì. Ó fà mí mọ́ra. "Má dá ara ẹ lẹ́bi, jàre. Ta ló lè bá oníná jà?" Mo rò pé màá sọ òótọ́ fún un tó bá di ọ̀la.

Yunifásítì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ó rántí orí mẹ́ta, ó fi ọwọ́ kọ wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ yẹn ni kò lè rántí, àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì ti gba ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ìwé náà ò parí, oyè sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn tó kọ́ níṣẹ́ di ọ̀gá lé e lórí, wọ́n ń buwọ́ lu ìwé ìsinmi rẹ̀. Ipò tó wà nígbà yẹn náà ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ní tèmi, òótọ́ ò tíì gbéra nílẹ̀.

Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ gboyè, a jókòó nínú pálọ̀ rẹ̀, à ń jẹ ìrẹsì. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà kan bi í pé, "Mummy, you too go university?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Ó ku díẹ̀ kí n parí. Iná ló bà á jẹ́ fún mi. Àbúrò mi yìí wà níbẹ̀, ó sunkún ju èmi tí mo ni í lọ." Ó yíjú sí mi. "Àbí irọ́ ni mo pa?"

Gbogbo wọn ń wò mí.

Mo ní, "Rárá, Àǹtí. Òótọ́ ni."

Ó bu ẹran kan kún oúnjẹ mi. Mo jẹ ẹ́.