Ọ̀já tí Yèyé Fi So Ọwọ́ Òsì Mi

Ẹnì kan ń dín àdín lẹ́yìn ilé wa níhìn-ín ní Fájuyì l'Adó lánàá. Àwọn ọmọ ilé sáré ti fèrèsé, wọ́n ní òórùn rẹ̀ ti le jù. Mo ní kí wọ́n ṣí i padà. Mo jókòó sórí àga mi, mo dijú, mo sì jẹ́ kí òórùn ọ̀hún gbé mi lọ síbi tó máa ń gbé mi lọ, sí àgbàlá ilé wa àtijọ́, nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè sá pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi kí ẹnikẹ́ni má rí mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ilé onípáánù àti ọkọ̀ lẹ mọ Adó mọ́. Adó tí mo ń wí yìí, koríko ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀. Láàárọ̀, kùrukùru á sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, á bo gbogbo àdúgbò, a ó kàn máa gbọ́ ohùn àwọn ará Ìjan tó ń ru iṣu bọ̀ wá sọ́jà ni, a ò ní í rí wọn. Ohùn á kí wa, a ó sì kí ohùn padà. Ó máa ń dà bíi pé ayé ò tíì jí tán. Mo fẹ́ràn àkókò yẹn gan-an, nítorí pé tí kùrukùru bá ti ká kúrò, ilé ìwé ló kàn.

Ilé ìwé ò gbè mí rárá. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́n o. Ẹnu mi mú, bí tísà bá bi wá ní nǹkan, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ nàwọ́. Ìgbà tó bá ní ká mú síléètì ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì mi á ti yára mú ẹfun. Tísà á nà án ní pàṣán, ẹfun á bọ́, ọwọ́ ọ̀tún á gbà á, á wá máa wọ́ ọ kiri bí ẹni ń wọ́ ẹ̀ka igi bọ̀ láti oko. Lẹ́tà kan á ṣubú, èkejì á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn ẹgbẹ́ mi bọ́ sí kíláàsì tó kàn, èmi sì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké tí ikun ń dà nímú wọn.

Bàbá mi, tó jẹ́ káfíńtà, kì í pariwo. Ó kàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bó ṣe ń fọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ: bí mo bá tún fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìparí ọdún, kí n di ẹrù mi, kí n lọ sọ́dọ̀ ìyá òun n'Ìgèdè, kí n máa bá wọn roko. Màmá yẹn sì ti ń retí mi. "Ẹ mú un wá ulé jàre," ló máa ń ránṣẹ́ sí wa. "Kí ni obìnrin fẹ́ fi ùwé ṣe?" Mi ò kórìíra rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dárúkọ Ìgèdè, àyà mi á já. Ìwé ni mo fẹ́. Mo fẹ́ ẹ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ nǹkan, láìmọ ìdí rẹ̀.

Yèyé tó bí mi náà ò gbà kí n lọ. Nígbà tó ṣì wà lọ́mọge, ó gbé lọ́dọ̀ ìyáàfin òyìnbó kan ní ọgbà míṣọ̀n, níbẹ̀ ló ti kọ́ ìwé kíkà àti gírámà. Ó sọ àgbàlá wa di kíláàsì. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á jókòó sórí àpótí, á máa fi òkúta pa èkùrọ́ tó fẹ́ fi dín àdín, èmi á sì jókòó níwájú rẹ̀.

Ẹ ò lè mọ bí gírámà ṣe dùn tó lẹ́nu obìnrin yẹn. "Lọ mú ọ̀rọ̀-orúkọ wá fún mi," á wí, màá sì sáré lọ gbé igbá wá, màá gbé òkúta, màá gbé ìgbálẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo wọ́ ewúrẹ́ aládùúgbò wa wá. Ewúrẹ́ ò gbà pé òun ń jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì wọlé lọ ti ẹnu bọ èlùbọ́.

"Kí ló ń ṣe yẹn?" Yèyé bi mí.

"Ó ń jẹ!"

"Ọ̀rọ̀-ìṣe nìyẹn. Ó yá, lọ lé e kó tó jẹ ẹ́ tán!"

Nígbà míì, á ní kí n mú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ọwọ́ ò lè gbé wá. Mo ronú títí, mo ní, "Oorun." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dáwọ́ èkùrọ́ dúró, ó sì ń wò mí.

Àmọ́ gbogbo ohun tí ẹnu mi mọ̀, ọwọ́ mi ò lè kọ ọ́. Yèyé náà, bíi gbogbo ará ìlú, gbà pé òsì kì í ṣe ọwọ́ tí èèyàn ń fi ṣe nǹkan gidi. A kì í fi í jẹun, a kì í fi í nawọ́ nǹkan sí àgbà. Bó bá wá di dandan, wàá kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ ná: "Ẹ má bínú, òsì ni o." Ṣé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló máa kọ orúkọ Ọlọ́run? Ó bá mú ọ̀já tó fi pọ̀n mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, ó fi so ọwọ́ òsì mi mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò so ó le. Màá wà nínú ọ̀já náà bí ẹni tí wọ́n tún pọ̀n, ilẹ̀ á máa ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹyẹ ẹ̀ga á máa pariwo lórí ọ̀pẹ, oorun á sì máa kùn mí. Ọwọ́ ọ̀tún mi á ṣì máa wọ́ ẹfun kiri. Nǹkan kan ò yí padà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sunkún nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mi ò pariwo. Omijé kàn ń kán sórí síléètì, ó ń pa ìwọ̀nba tí mo ti kọ rẹ́. Yèyé wò mí títí. Ó gbé òkúta sílẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó tú ọ̀já.

"Fi ọwọ́ rẹ kọ ọ́," ó wí.

Mo bi í pé èwo.

"Èyí tí Ọlọ́run fún ọ."

Ó wá rọra sọ fún mi, láìwo ojú mi, pé ọlọ́wọ́ òsì lòun náà. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ ọ̀hún títí ọwọ́ fi jáwọ́. Ìdí nìyẹn tó fi lè ka Bíbélì já geere, tí kò sì lè kọ ìlà kan kó gún. Mi ò mọ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, bí mo ṣe kéré tó yẹn.

Mo kọ ọ́. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ igbá, mo kọ ewúrẹ́, mo kọ oorun, wọ́n sì tò sórí síléètì rẹ́gírẹ́gí. Bàbá tó ń ti ìdí iṣẹ́ bọ̀ dúró sẹ́yìn wa, ó wo síléètì, ó wo ọwọ́ mi, ó tún wo síléètì. "Kí ìyá mi má gbọ́ o," ni gbogbo ohun tó sọ. Láti ọjọ́ náà, òfin ilé wa ni pé òsì wà fún síléètì, ọ̀tún wà fún èèyàn.

Ó wá ku tísà. Lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tó pè mí síwájú pátákó pé kí n wá kọ gbólóhùn kan, mo kúnlẹ̀ kí n tó mú ẹfun.

"Ẹ má bínú sà, òsì ni o."

Ẹ̀bẹ̀ tí gbogbo wa ti ń gbọ́ láti kékeré ni, ẹnu tísà sì dáhùn kó tó ronú: "Kò burú." Nígbà tó fi mọ ohun tó sọ, gbogbo kíláàsì ti gbọ́, kò sì ṣeé gbé mì mọ́. Ó mú pàṣán dání títí mo fi kọ gbólóhùn náà tán, tí mo sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n lọ jókòó. Ìsinmi nìkan ló tún gbé mi dé Ìgèdè.

Adó ti yí padà. Ọwọ́ tó bá wu àwọn ọmọ ni wọ́n fi ń kọ̀wé báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì bi wọ́n léèrè. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ fi òsì gbé omi fún mi, wọ́n ṣì ń bẹ̀bẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí èyí parẹ́.

Ọ̀dọ̀ mi ni Yèyé ti darúgbó, lẹ́yìn tí èmi náà ti di tísà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀, mo fi pẹ́ńsùlù sí i lọ́wọ́ òsì, mo ní kó kọ orúkọ rẹ̀. Ó dì í mú, ó gbé e lé ìwé. Ó wà bẹ́ẹ̀ pẹ́, ọwọ́ ọ̀hún ò fa ìlà kankan. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ ọ̀tún dá pẹ́ńsùlù padà fún mi.

"Ó ti gbàgbé," ó wí.