Àtùpà Igbá Ẹ̀gbọ́n Oyèkúnlé

Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi Oyèkúnlé lọ́wọ́, ó kàn jẹ́ pé ìyìn máa ń pa á bí ẹmu ni. Rédíò àti tọ́ọ̀ṣì ló ń tún ṣe ní Ayétòrò níbí. Ṣùgbọ́n bàbá wa tó ti kú kọ́ ọ ní igbá fínfín, kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin gbígbóná lu igbá ní ihò wẹ́wẹ́, ó ń fi gílóòbù kéékèèké sínú wọn.

Èyí tó dára jù nínú wọn, Màmá ló ṣe é fún. Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì. A ti ń fi eyín pàdé òkúta nínú ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ kò sí òkúta tó ń sá mọ́ ọn lójú tẹ́lẹ̀. Á máa fọwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ń tan iná lára ògiri títí yóò fi sú u. Ni Ẹ̀gbọ́n bá ṣe igbá tí kò ní ibi títẹ̀ kankan: gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, á tàn, bí ọwọ́ bá ṣe ń pẹ́ lórí ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ á máa pọ̀ sí i, á gba inú ihò tó lù bí ẹyẹ jáde, ẹyẹ wẹ́wẹ́ á sì kún ara ògiri.

Ọjọ́ tó yẹ kó gbé e fún Màmá gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Nathaniel, olùkọ́ kan láti Ìlàró, wá gba rédíò rẹ̀. Ó rí àtùpà náà, ó pariwo. Ó ní iṣẹ́ ọnà gidi nìyí, òun á wá ya fọ́tò rẹ̀, òun á gbé e lọ síbi ìpàtẹ. Orí Ẹ̀gbọ́n wú. Ó fi aṣọ wé àtùpà, ó gbé e wọ yàrá Màmá.

"Màmá, tiyín ni o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án kí àwọn ará Ìlàró tó wá wò ó."

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún? Ìyá tó ní àwo tánganran tí a ò fi jẹun rí, torí àlejò! Ó gbé àtùpà sí kọ́bọ́ọ̀dù láàárín àwọn àwo náà, ó tì í. Èmi Ìbídùn wà níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí dòní.

Ọ̀gbẹ́ni Nathaniel dá ọjọ́, ó yẹ̀; ó dá òmíràn, ìyẹn náà yẹ̀. Bí mo bá ní kí Màmá gbé e jáde, á ní ọmọ òun ti bẹ òun. Ẹ̀gbọ́n náà á ní kí n ní sùúrù, ó ku díẹ̀. Ọdún kan yí po.

Ọ̀gbẹ́ni náà dé lọ́sàn-án Sátidé kan pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó ní ká ti fèrèsé, kí ẹni tí wọ́n ṣe é fún fọwọ́ kàn án. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lé igbá. Ìmọ́lẹ̀ tú jáde, ẹyẹ kún ojú rẹ̀, ó kún gèlè rẹ̀.

Màmá kọjú sí ibi tí ó ti ń gbọ́ ohùn wa. Ó ní, "Ṣé ó ti tàn?"

Ilé tó ti gbé fún ogójì ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ gbogbo igun ẹ̀. Àwa la ò mọ̀ pé ojú ti lọ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, ó ń sunkún.

"Ó ti tàn, Màmá," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"O ṣé, ọmọ mi. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án o. Mo bá ọ tọ́jú ẹ̀ dáadáa."