Kànga Ẹ̀yìnkùlé Hàwáwù

Olówógbowó ni wọ́n bí Clementina sí, nínú ìdílé Sàró tí ọ̀rọ̀ ìwé kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó di nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n bó bá ti rí ẹ̀jẹ̀ báyìí, òòyì á kọ́ ọ. Ìgbà tó tún dákú mọ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ni ó fúnra rẹ̀ fi ilé ìwòsàn sílẹ̀, tó lọ kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò omi. Ó máa ń sọ pé omi kì í ké, kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀.

Lọ́dún 1974, wọ́n yàn án sí ọgbà èédú àtijọ́ kan létí ọ̀sà, lẹ́yìn Jankara. Láyé àwọn òyìnbó, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó èédú tí wọ́n wà nílẹ̀ Ẹnúgu jọ sí, títí epo fi gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èédú. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, òjò tó bá sì rọ̀ sí i, ọ̀sà ló ń gbé ẹ̀gbin rẹ̀ lọ. Ìjọba wá fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n ń kó èédú tó kù kúrò, wọ́n ń da ẹfun àti yẹ̀pẹ̀ pupa síbẹ̀, kí koríko lè hù. Clementina ni yóò máa ṣọ́ ohun tí omi ń ṣe ní gbogbo àkókò náà. Ó ń bu omi ọ̀sà sínú ìgò. Ó ń ju okùn oníwọ̀n sínú àwọn páìpù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ yí ọgbà náà ká, kí ó lè mọ bí omi abẹ́ ilẹ̀ ṣe jìn tó. Lẹ́yìn náà á wọ àdúgbò lọ bu omi kànga àwọn onílé.

Kànga kan wà nílé Hàwáwù, opó tó ń ta aró ní Jankara. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló gbẹ́ ẹ. Sísí Olómi ni ìyá yìí ń pe Clementina, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sísí ti lé ní ogójì ọdún.

Nígbà òjò ọdún kejì, omi kànga náà bẹ̀rẹ̀ sí í kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ìdí kọ́rọ́bà onípáànù dá lu, inú rírun sì mú àwọn ará ilé. Gbogbo àdúgbò gbà pé èédú ni. Hàwáwù ló ṣíwájú àwọn obìnrin lọ bá àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n fa omi ẹ̀rọ wá fún àwọn, nítorí ọgbà ìjọba ló ba omi àwọn jẹ́. Àwọn aláṣẹ ní àwọn yóò fà á, bí àyẹ̀wò bá ti jẹ́rìí sí i.

Clementina náà kọ́kọ́ fura sí èédú, torí omi tó bá gba inú èédú kọjá lè kan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bára mu. Omi inú àwọn páìpù tó wà láàárín ọgbà àti ilé Hàwáwù mọ́ gaara. Omi kànga náà sì ga ju omi abẹ́ ọgbà lọ, bẹ́ẹ̀ omi kì í gun òkè. Láti àdúgbò ló ti ń ṣàn lọ sí ọgbà. Nígbà tó tún un yẹ̀ wò, ó rí òjé nínú rẹ̀, èyí tí kò sí nínú omi ọgbà rárá. Ọkàn rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Mọ̀núrù, ọmọ Hàwáwù, ti ń ṣáàjì bátìrì mọ́tò, tí òjé àti omi kíkan wà nínú wọn.

Ọ̀gá Clementina, Ọ̀gbẹ́ni Frederick, ní kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sókè, kí ó má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí èsì yóò fi dé. Clementina ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé yẹn ṣì ń mu omi náà. Bó ti kúrò lọ́fíìsì, ilé Hàwáwù ló gbà lọ.

Ìyá náà fi àpótí lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n Clementina kò jókòó.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu omi kànga yín mọ́. Kì í ṣe èédú. Omi bátìrì ni.”

Hàwáwù wò ó. Ó bi í bóyá ó dá a lójú, Clementina sì ṣàlàyé ohun gbogbo fún un. Ìyá náà kò jiyàn.

“Tí o bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé omi ẹ̀rọ á ṣì dé?”

“Mi ò rò bẹ́ẹ̀, mà.”

“Tí o bá kọ ọ́ pé èédú ni ńkọ́?”

“Wọ́n á gbà á gbọ́.”

Ẹ̀rù ba Clementina, torí kò mọ ohun tí òun yóò ṣe bí ìyá náà bá bẹ òun. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀ ẹ́.

“Kọ ohun tí o rí. Èmi ni mo bí Mọ̀núrù, èmi ni màá bá a sọ̀rọ̀.”

Wọ́n jọ lọ sẹ́yìnkùlé. Mọ̀núrù ní ilẹ̀ ló ń mu gbogbo ohun tí òun ń dà nù. Ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ mu ún lóòótọ́, ó sì lọ bì í sínú kànga bàbá rẹ̀. Mọ̀núrù jókòó sórí bátìrì kan, ó di orí mú. Omi yẹn ni wọ́n fi ń po ògì fún ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá.

Kò pẹ́ tó fi kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Apọ́ngbọ̀n, sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Clementina kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi ẹfun pa agbára omi bátìrì nínú dúrọ́ọ̀mù, dípò kí ó máa dà á sílẹ̀. Wọ́n fi kọnkéré dí kànga náà.

Omi ẹ̀rọ kò dé. Frederick fún Clementina ní kúẹ̀rì pé ọ̀rọ̀ ti jáde kí èsì tó dé, ó sì dá a padà sínú ilé àyẹ̀wò. Morufat, aládùúgbò Hàwáwù, sọ fún un lójú ọjà pé ẹnu rẹ̀ ló pa ẹ̀rọ omi àwọn. Clementina kò rí irọ́ níbẹ̀. Hàwáwù tó ní làkúrègbé lórúnkún ń ti ìta dé ìta pọnmi láràárọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń tún Èkó ṣe de FẸSTAC ni wọ́n tó fa omi ẹ̀rọ dé ojú títì wọn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yọ, àwọn obìnrin tò síbẹ̀, ṣùgbọ́n Hàwáwù ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó bu díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e lọ bá Clementina ní Olówógbowó. Kò sọ ju pé kí ó bá àwọn wò ó. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá gbọ́ èsì.

“Ó dára, Màmá.”

Hàwáwù tún gèlè rẹ̀ wé, ó lọ sọ fún àwọn obìnrin náà.