Àlàfo Inú Orin Bíọ́dún

Ìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ wa fi yan olùdíje kánsẹ́lọ̀ ní Ìkòsí ni mo fẹ́ sọ, èyí tó wáyé gẹ́rẹ́ ṣáájú ìbò ìjọba ìbílẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Kétu tí ẹ ń jó sí orin tó di ìjà níbẹ̀, ẹ jókòó. Orin ijó kọ́. Oníròyìn ni mí, mo sì ní káàdì ẹgbẹ́. Ojú mi ló ṣe.

Bíọ́dún, ọmọbìnrin tó ń ṣe ráàpù, ló ni orin náà. Bàbá rẹ̀ ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù ní ọjà Owódé Onírin. Olùdíje kan tí a ń pè ní Ọlọ́lá ti ṣèlérí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun yóò wó ìlà ìsọ̀ tí bàbá náà wà, kí wọ́n lè kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Mummy Kẹ́mi tó ń ta páànù ló ń bá a du ipò náà. Ó ní òkú òun ni wọn yóò gùn kọjá kí wọ́n tó wó ìsọ̀ kan.

Bíọ́dún kò lo ìlù kankan. Ó fi fóònù gba ìró òòlù lórí irin, ìró páànù tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, àti ìró jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí kò tan. Ó wá ṣe ohun tó bí àwọn akọrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú: bó bá ti béèrè ọ̀rọ̀ kan tán, yóò gé gbogbo ìró, orin yóò pa lọ́lọ́.

Mo bi í pé, "Ṣé fóònù ẹ ló bàjẹ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Daddy, ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì ní ìsọ̀ wa. Ẹnì kan máa pè, àwọn tó kù máa dáhùn, wọ́n á jọ gbé e. Ẹni tó bá pè tó tún dá ara ẹ̀ lóhùn, ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa kán."

Èrò ló ni àlàfo náà. "Ta ló la ibí?" Ọjà á ní, "Àwa ni!" "Ta ló ni ín?" "Àwa ni!" Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìkẹyìn, "Ta ló fẹ́ lé wa?", kò sẹ́ni tó ń dáhùn rẹ̀. Gbogbo ọjà mọ orúkọ náà. Ẹ̀rù àwọn ọmọ ìta Ọlọ́lá ni kì í jẹ́ kí wọ́n pè é.

Àwọn ará Ọlọ́lá gbọ́ bí ọjà ṣe ń pariwo sí orin yìí, wọ́n jí i. Wọ́n rò pé ibi tó dákẹ́ ni wọ́n ti ń ki olówó, bí àwọn akọrin ìpolongo ṣe máa ń ṣe. Adarí ètò tí wọ́n mú wá láti Mágòdò kò tẹ ilẹ̀ Owódé rí.

Lọ́jọ́ ìbò, nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan, oníkálukú ní láti tò sẹ́yìn aṣojú ẹni tó fẹ́. Bí Ọlọ́lá ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, orin tí wọ́n jí náà bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ta ló la ibí?"

"Ọlọ́lá!" ni adarí ètò kígbe.

"Àwa ni!" ni èrò fi bò ó mọ́lẹ̀.

"Ta ló ni ín?"

"Ọlọ́lá!"

Inú ti ń bí èrò. Adarí ètò rò pé ìdùnnú ni, ó fò sókè.

"Ta ló fẹ́ lé wa?"

"Ọlọ́lá! Ọlọ́lá! Ọlọ́lá!"

Ìyá kan tó ń ta nọ́ọ̀tì ọkọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu ara wọn ni wọ́n fi jẹ́wọ́ o!" Àwọn tó ti gba ìrẹsì Ọlọ́lá gbé ìrẹsì wọn, wọ́n lọ tò sẹ́yìn Mummy Kẹ́mi. Ìlà rẹ̀ yí ọgbà po. Eérú ń tọ ẹni tó dà á.

"Pa nǹkan yẹn!" ni Ọlọ́lá ń jágbe.

"Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa pariwo orúkọ yín."

Alábòójútó ìbò kò dé ìdí ìlà kankan. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Ọlọ́lá ló dúró sí, tó kéde pé Ọlọ́lá ló wọlé.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ ò wo ìlà ni?"

"Oníròyìn, ṣé ìlà ló ń mú èèyàn wọlé?"

Kí n tó dáhùn, àwọn ọmọ ìta ti ya wọlé pẹ̀lú igi. Ọ̀kan nínú wọn rí Bíọ́dún láàárín èrò, ó gbá a létí. "Ìwọ lo kọ ọ́!"

"Ẹ̀yin lẹ dáhùn ẹ̀," ni Bíọ́dún fèsì. Ọmọ ìta náà tún gbá a.

A pe ẹjọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Wọ́n sùn lé e lórí. Ọlọ́lá wọlé nínú ìbò ìjọba ìbílẹ̀, ìlà ìsọ̀ náà sì di òkìtì yẹ̀pẹ̀. Mummy Kẹ́mi gba ipò kékeré kan, ó panu mọ́. Òkú tó ní wọn yóò gùn kọjá? Ó wà láàyè, ara rẹ̀ le koko.

Kí la jèrè? Orúkọ náà kò wúwo lẹ́nu mọ́. Ọmọdé ń pè é. Kí la pàdánù? Ẹ lọ wo òkìtì náà. Gbèsè tó kù, ọrùn yín ni mo so ó mọ́, nítorí ẹ̀yin lẹ fi fèrè dí àwọn àlàfo orin náà, ẹ ní ó ti dùn báyìí.

Láìpẹ́ yìí, mo rí bàbá Bíọ́dún lẹ́bàá títì, lábẹ́ agbòòrùn. Òun àti ẹnì kan ṣoṣo fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀. Ó pè. Ní òdìkejì, níwájú ìsọ̀ fóònù, àwọn géńdé bíi mélòó kan ń jó sí orin ọmọ rẹ̀, fèrè ń dún. Ó tún pè.

Wọ́n ń jó lọ. Ẹ́ńjìnnì náà wà nílẹ̀.