Omi Àlejò

"Bí ẹ bá gbé omi wa lọ, ta ló máa padà wá sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún wa?"

Màmá Ebimobowei ló bi Suwaibat ní ìbéèrè yìí lọ́dún 1989, ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Ẹja ló ń yan. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú tí èéfín ti pọ́n, ó wá ń wo obìnrin tó gbé igò òfìfo dání níwájú rẹ̀.

Suwaibat gbé igò náà sílẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. Ó ní, "Èmi ni. Èmi ni n ó padà wá sọ ọ́."

"Ìyá Àmínát, ẹ wò ó o. Gọ́mìnà ti ní òun ń bọ̀. Káńsù náà ti ní àwọn ń bọ̀."

"Èmi kì í ṣe gọ́mìnà."

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Na true sha. Gọ́mìnà kì í wọ bàtà tó já."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe so mọ́ Suwaibat lọ́rùn.

Ọmọ Láwàlì onílọ́rì ni. Láti Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ ti wá sí Èkó láti máa kó ẹrù ní èbúté Apápá, ó sì gbà pé ìwé mẹ́fà tó ọmọbìnrin. Suwaibat kò bá a jiyàn. Ohun tí wọ́n kọ sára àwọn àpótí tó ń kọjá ní Liverpool Road ló ń kà, ó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lára wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa èkùrọ́. Nígbà tó ti bí Àmínát, ó lọ kọ́ fífi táípù tẹ̀wé ní Malu Road, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí àwọn wẹ́dà ń lu irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní Tin Can Island. Ó rí i níbẹ̀ pé ọkọ̀ ńlá lè tò sójú títì títí táyà rẹ̀ á fi rì sínú ẹrẹ̀, nítorí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí wọn kò tíì lù.

Níbẹ̀ ni Dókítà Tinú ti rí i. Olùkọ́ yunifásítì ni Tinú, ó kéré sí Suwaibat lọ́jọ́ orí. Àwọn kan ní òkè òkun ti fún un lówó láti wádìí ohun tó wà nínú omi kànga tí wọ́n ń mu ní Ajégúnlẹ̀, tí àwọn ọmọdé fi ń yàgbẹ́ gbuuru láìdáwọ́dúró. Gírántì ni àwọn alákọ̀wé ń pe irú owó bẹ́ẹ̀. Suwaibat ló bá a gba igò àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i jáde, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rìbá. Ó kàn jókòó, ó ń dúró, títí ó fi sú wọn. Tinú ní, "Ìyá Àmínát, ẹ wá bá mi mójú tó owó yìí. Rírí i gbà kò nira tó títọ́jú ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Owó igò dá wà, owó epo ọkọ̀ dá wà, owó Monday tó ń wakọ̀ tó sì ń lọ gbé omi dá wà. Owó epo kò gbọdọ̀ ra igò. Bí àwọn olówó kò bá sì rí ìròyìn ohun tí wọ́n fi apá kìíní owó náà ṣe, apá kejì kò ní wá. Ìyẹn kò ṣòro fún Suwaibat láti lóye. Bí owó ọmọ òrukàn tó wà lọ́wọ́ alágbàtọ́ ló ṣe rí lójú rẹ̀: ó wà lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe tìrẹ.

Yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Liverpool Road ni wọ́n fi ṣe ọ́fíìsì. Ní ìrọ̀lẹ́, fèrè ọkọ̀ ojú omi á dún láti èbúté, ohùn tó gùn tó sì rẹlẹ̀, ìwé orí tábìlì á máa gbọ̀n. Suwaibat á dá ọwọ́ dúró. Ó máa ń dà bíi pé abẹ́ Ajégúnlẹ̀ jẹ́ yàrá kan ṣoṣo tó kún fún omi dúdú, àti pé àwọn kànga ni fèrèsé tí wọ́n dá sí òrùlé rẹ̀. Nígbà mìíràn tó bá sùn lọ lórí àga, á rí ara rẹ̀ tó ń rìn nínú yàrá náà láìjẹ́ pé aṣọ rẹ̀ tutù. Á máa gbọ́ gbogbo ilé lókè orí rẹ̀, ọmọ tó ń sunkún, ẹni tó ń gúnyán, korobá tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá a bí òṣùpá kékeré. Á na ọwọ́ sí i. Kò dé ibẹ̀ rí.

Òun ló ṣètò bí wọ́n á ṣe máa gba omi. A kì í já lu onílé, ó ní. Nítorí náà, bí ó bá ku ọjọ́ kan tí wọ́n á lọ, Monday á kọ́kọ́ lọ láti ojúlé dé ojúlé: "Ọ̀la là ń bọ̀ o." Tí ó bá fi máa dé lọ́jọ́ kejì, omi ti wà nílẹ̀ dè é nínú ìkòkò tó ní ìdérí.

Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi gba omi báyìí. Ohun tí Tinú rí nínú rẹ̀ yà á lẹ́nu. "Omi yìí mọ́ ju ti ilé mi lọ," ó ní. Àwọn ọmọ ṣì ń yàgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ sọ ni wọ́n kọ. Ìròyìn náà pé, ó dára, ó wà lórí tábìlì, ó ku kí Tinú fọwọ́ sí i.

Ìgbà náà ni ibà dá Monday dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ kéde, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ gbígba omi pé. Suwaibat gbé igò, ó lọ fúnra rẹ̀.

Bó ṣe ń wọ àgbàlá Màmá Ebimobowei ni mẹ́ruwà tó ń ta omi kiri ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde. Màmá Ebimobowei bẹ̀rẹ̀ sórí korobá. Ó ti fi aṣọ funfun sẹ́ omi kànga rẹ̀, omi tó pupa bíi tíì, ó wá ń yí álọ́ọ̀mù tó ń mú kí omi tòrò nínú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń fi álọ́ọ̀mù ṣe?"

Obìnrin náà fò sókè. "Yéè! Ẹ ò ránṣẹ́ sí wa! Omi yín ni mo fẹ́ máa ṣe sílẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ má bàá mú mi lójijì."

"Omi wa bíi ti báwo?"

"Omi tí Monday máa ń wá gbé. Ṣé ẹ rò pé bó ṣe wà nínú kànga yẹn la ó ṣe gbé e fún àlejò ni? Ẹ má bú wa o."

Ogechi, ọ̀dọ́ ìyàwó tó ń gbé yàrá kejì, ń ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Màmá Ebi ló ń yọ ara wọn lẹ́nu. Lọ́wọ́ mẹ́ruwà lèmi ti ń ra tèmi. Omi ẹ̀rọ Apápá! Dókítà ò lè pè mí ní ọ̀bùn."

"Ọ̀bùn ni ẹ́ kó tó di pé dókítà dé," ni Màmá Ebimobowei fi dá a lóhùn.

"Ṣùgbọ́n omi mi ò sọ ọ́!"

Gbogbo àgbàlá ń rẹ́rìn-ín. Suwaibat jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n bu omi fún un nínú kọ́ọ̀bù, ó mọ́ gaara, ó sì mu ún, torí a kì í kọ omi onílé. Ní Ìsẹ́yìn, ìyá rẹ̀ ní àmù kan tí ọmọ ilé kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ti àlejò ni. Bó bá jẹ́ pé ìyá òun ni wọ́n wá béèrè omi lọ́wọ́ rẹ̀, inú àmù yẹn ni ì bá ti bù ú.

"Ìdọ̀tí rẹ̀ là ń wá," ni Suwaibat sọ níkẹyìn.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò wí?"

"A rò pé a ti wí."

Ní Liverpool Road, Tinú gbọ́ ọ tán, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìròyìn náà.

"Bá a bá kọ ọ́ pé omi àlejò la fi owó ọdún kan yẹ̀ wò, wọ́n lè ní ká dá ìyókù padà."

"Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀, Dókítà."

"Iṣẹ́ yín á lọ, ti Monday náà á lọ. Bá ò bá wá kọ ọ́ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé n ó lọ sọ fún àwọn obìnrin yẹn pé kànga wọn mọ́. Wọ́n á gbà mí gbọ́. Àwọn ọmọ á máa mu ún lọ."

Tinú rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Ó ti ìròyìn náà sápá kan. "Ẹ ki bébà tuntun bọ ẹ̀rọ, Ìyá Àmínát. Ẹ jẹ́ ká jọ kọ ọ́."

Òjò rọ̀, òjò dá, èsì àwọn olówó kò dé. Owó oṣù dúró. Monday lọ ń wa tirélà ní Tin Can, á lọ sórí ìlà, á pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ á fi kún. Suwaibat ṣì ń ṣí ọ́fíìsì láràárọ̀. Á jókòó ti fèrèsé, ọyẹ́ á bo èbúté, àwọn ọkọ̀ ojú omi á dà bí ilé tó ń fò lójú ọ̀run. Nínú àlá rẹ̀, àwọn obìnrin ń na kọ́ọ̀bù sí i láti inú kànga, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, omi inú gbogbo wọn sì ń tàn.

Nígbà tí èsì dé, àwọn olówó kò bínú. Wọ́n fi apá kejì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e kù. Wọ́n ní: ẹ lọ tún omi gbà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó parí kí ọdún 1991 tó parí. Owó tí Tinú ní àwọn fẹ́ fi pe àwọn ará àdúgbò jọ láti sọ àbọ̀ fún wọn, wọ́n fagi lé e.

Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò kéde. Suwaibat bá Monday, tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, lọ sí gbogbo ilé, ó ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí Monday tó ju korobá sínú kànga. Ọ̀pọ̀ obìnrin ò lè wo ojú wọn. Màmá Ebimobowei wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìhòòhò mi lẹ wá wò," ó sọ láti inú yàrá.

"Ẹ má bínú, Màmá Ebi. N ó padà wá, bí mo ṣe sọ."

Korobá Monday balẹ̀ sínú kànga.

Àbọ̀ náà burú. Ṣáláńgá ti jò wọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kànga náà. Tinú kọ ti ilé kọ̀ọ̀kan fún Suwaibat. Suwaibat ṣe ìṣírò ìkẹyìn, ó dá owó tó ṣẹ́ kù padà fún àwọn tó ni ín, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún onílé. Gírántì parí. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ bàtà, ó forí lé Ajégúnlẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Bí Monday bá ráyè, á tẹ̀ lé e láti bá a fi pijin sọ ọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí i: "Kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yín la ti mọ̀!" Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í se omi kí wọ́n tó mu ún. Ogechi, tó ti kó lọ sí òpópónà kejì, níbi tí kànga ilé tuntun rẹ̀ ti burú, gba kọ́ọ̀bù lẹ́nu ọmọ rẹ̀. "Ṣé ìgbẹ́ ni mo wá ń fún ọmọ mi mu? Èmi tí mò ń ra omi ẹ̀rọ fún dókítà!"

Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí Suwaibat ń fò. Nínú gbogbo kànga wọ̀nyẹn, ti Màmá Ebimobowei ló dára jù. Ó jìn, wọ́n fi sìmẹ́ńtì yí inú rẹ̀ ká dáadáa, pípupa rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ lásán. Kò sí àrùn níbẹ̀. Ó ń fi ìròyìn yìí pamọ́, bí ọmọdé ṣe ń fi ẹran sílẹ̀ títí oúnjẹ fi máa tán. Lẹ́yìn gbogbo ẹnu ọ̀nà tó ti gbé ohun kíkorò lọ, ó fẹ́ fi èyí tó dùn parí.

Ọjọ́ tó dé ibẹ̀, kò sí ààrò ẹja mọ́. Wọ́n ti wó ògiri iwájú. Ọkùnrin bíríkìlà kan tó ń jẹ́ Fidelis ń to búlọ́ọ̀kù síbi tí kànga wà. Wọ́n ti da iyanrìn dí i. Ó ní onílé ti ta ilé, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ kọ́. Àwọn ayálégbé ti tú ká.

"Màmá tó ń yan ẹja ńkọ́?"

"Wọ́n ní ó ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sílùú wọn. Mi ò mọ ibẹ̀. Ṣé ó jẹ yín lówó ni?"

"Rárá," ni Suwaibat sọ. "Èmi ni mo jẹ ẹ́."

"Ẹ fún mi. Bí mo bá rí i, n ó fún un."

Suwaibat ní, "Sọ fún un pé omi rẹ̀ dára."

Fidelis ní òun gbọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ padà sídìí búlọ́ọ̀kù rẹ̀, kò béèrè orúkọ ẹni tó rán an.