Àlọ àti Àbọ̀ láàárín Pobẹ̀ àti Sakété

Nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Pobẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́: kí rẹ́sò, ìyẹn ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà tó so wá mọ́ Sakété, má ṣe já. A kò ní dókítà. Agbẹ̀bí ni olórí wa, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó gbẹ̀bí àwọn ọmọbìnrin kan tó sì tún gbẹ̀bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Sakété ni dókítà tí a ń bá ṣiṣẹ́ wà, obìnrin ni òun náà. Bí ọ̀rọ̀ aláboyún kan bá rú Màmá lójú, á gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú lé ikùn rẹ̀, àwòrán ọmọ á hàn lórí kọ̀ǹpútà wa, dókítà á sì máa wò ó láti Sakété lẹ́sẹ̀ kan náà, á máa sọ fún Màmá pé kó sún ẹ̀rọ sápá òsì, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i.

Oṣù kẹta tí mo dé ibẹ̀, àwòrán dúró gbagidi nígbà tí aláboyún kan ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Afẹ́fẹ́ ló tú wáyà kan lára áńtẹ́nà wa. Kò gbà mí ju ìdajì wákàtí lọ láti tún un ṣe, kò sì sí ohun tó ṣe obìnrin náà. Ṣùgbọ́n Màmá ti wò mí. Ó kàn wò mí ni, mo sì gbé ojú yẹn lọ sílé.

Nítorí ojú yẹn ni mo ṣe wá sọ́ńdù. Bí àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ ṣe ń pe ẹ̀rọ náà nìyẹn. Àpótí funfun kan ni, kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, á rán ọ̀rọ̀ kékeré kan lọ sí Sakété, ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún á dá a padà, sọ́ńdù á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àlọ àti àbọ̀ náà ti pẹ́ tó. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ogójì péré nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà. Mo gbé ọ̀kan sí Pobẹ̀, mo gbé èkejì sí Sakété kí òun náà máa bi wá, mo sì ṣe é kí iye náà máa hàn lórí fóònù mi.

Ọjọ́ méjì ni ọkàn mi fi balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí ọgọ́rin. Ó padà sí ogójì ní ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e, àmọ́ àyà mi ti já. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí èkejì tí n kò rí? Mo yí sọ́ńdù méjèèjì padà kí wọ́n máa béèrè ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Iye náà lọ sókè díẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó tún lọ sókè. Mo wá rò ó pé ọ̀rọ̀ kékeré kò lè sọ fún mi bí àwòrán ńlá ṣe ń kọjá, ni mo bá ní kí wọ́n máa rán ẹrù tó tóbi bí àwòrán. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ogójì di ọ̀ọ́dúnrún.

N kò fi fóònù yẹn sílẹ̀ mọ́. Mò ń jẹun, mò ń wò ó. Ọkọ mi bi mí lọ́jọ́ kan lórí oúnjẹ ọ̀sán pé, "Ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

"Kò sí. Rẹ́sò ni."

"O ń wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn."

Mo fẹ̀sùn kan ọyẹ́. Mo fẹ̀sùn kan eruku tí àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tó ń ti Onigbolo bọ̀ ń tú sókè. Mo fẹ̀sùn kan igi tíìkì kan tó ga lẹ́yìn ilé wa, mo sì bẹ onílẹ̀ títí ó fi gé ẹ̀ka rẹ̀ méjì. Iye náà kò sọ̀ kalẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin àgbẹ̀ kan gbé ìyàwó rẹ̀ dé láti Igana lórí alùpùpù. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, ó sì ní láti àná ni ọmọ náà kò ti mira dáadáa mọ́. Màmá gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun tó gbọ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Àwòrán ń dúró, ó ń fò, ó ń dúró. Mo wo fóònù mi: ó ti kọjá ẹgbẹ̀rún.

Dókítà pe Màmá lórí fóònù. "Ohun tó ti kọjá ni mò ń rí. Ẹ ní ẹ ti sún ẹ̀rọ, níbi tí mo wà kò tíì sún. Ẹ gbé e wá."

"Ọkọ̀ wa ti gbé ẹlòmíràn lọ," ni Màmá dáhùn. "N kò sì fẹ́ kó gun alùpùpù yìí mọ́ láìmọ ohun tó ń ṣe ọmọ." Ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, lọ sí Sakété. Bó bá jẹ́ ọ̀hún ló ti bàjẹ́, tún un ṣe."

Mo gun alùpùpù mi. Nítòsí Takon, ọkọ̀ ẹrù kan dí mi lọ́nà, eruku rẹ̀ bò mí, n kò lè yà á sílẹ̀. Mò ń sunkún, n kò sì mọ̀ pé mò ń sunkún àfi ìgbà tí mo nu ojú tí ẹrẹ̀ jáde níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mò ń rò ni pé bí ọmọ yẹn bá kú, ọwọ́ mi ló kú sí.

Ní Sakété, mo sáré gun òrùlé. Áńtẹ́nà dúró ṣinṣin, wáyà kan ò tú. Mo sọ̀ kalẹ̀ kí n fi kọ̀ǹpútà mi wá ìdí rẹ̀, iná rẹ̀ sì ti fẹ́ tán. Ihò iná kan ṣoṣo ló wà lára ògiri yàrá yẹn, sọ́ńdù ló sì wà níbẹ̀. Mo yọ ọ́ kí n lè ki kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́.

Fóònù mi dún. Màmá ni.

"Alò! Kí lo ṣe?"

"Màmá, mi ò tíì ṣe nǹkan kan."

"Àwòrán ti ń rìn."

Mo wo àpótí funfun tó wà lọ́wọ́ mi. Rẹ́sò wa kéré, bí ọ̀nà tí alùpùpù kan ṣoṣo lè gbà ni. Èmi ni mo sì ń rán ẹrù kọjá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, níhà méjèèjì, láti mọ̀ bóyá ó dí.

"Màmá, àpótí funfun kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ òun náà."

Ó yọ ọ́. Mo gbọ́ ohùn dókítà láti yàrá kejì: "Ó ti mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ mú un dání bẹ́ẹ̀." Omi tó yí ọmọ ká ló ti gbẹ kù díẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé obìnrin náà wá lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ wa padà dé Pobẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán, ó sì gbé e wá sí Sakété. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta títí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Obìnrin ni ọmọ náà, ó kéré, ó sì ké.

Mo jẹ́wọ́ fún dókítà lọ́jọ́ yẹn. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ìwọ lò ń pariwo bo ọ̀rọ̀ wa mọ́lẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?" Ó wọlé lọ. Ti Màmá ló nira jù. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"O mọ̀ pé inú ń bí mi."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

Ó ní kí n lọ tún àwọn sọ́ńdù náà ṣe. Mo dá sọ́ńdù padà sí ọ̀rọ̀ kékeré, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún, iye náà sì padà sí ogójì. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí bó bá lọ sí àádọ́ta, àmọ́ mo máa ń sọ ọ́ fún Màmá báyìí.

Nígbà tí ìyá ọmọ náà gbé e wá gba abẹ́rẹ́, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ó gbọ́ ọ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ó wá béèrè pé, "Ṣé ó ti dáa báyìí?"

"Ó ti dáa."

Ó ní kí n bá òun gbé ọmọ kí òun tún aṣọ òun ró.